Ọmọ Orógùn Màmá Nínú Omi Igi

Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ: tó, tó, tó. Omi ara igi ń kán sínú korobá lẹ́yìnkùlé wa ní Rexdale, lókè òkun níbí, oòrùn ìparí wíńtà ń tàn sórí yìnyín, bàbá mi sì wà nídìí iná, wọ́n wọ kóòtù òtútù ọkọ mi, bí ẹni tí ń lálàá lójú ṣíṣí.

Hẹ́dì-másítà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ayé wọn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù. Màmá mi ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Nígbà tí Màmá kú, mo ní kí Dádì máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wá lóòótọ́, àmọ́ ó jọ pé ara wọn nìkan ló wọ bàálù. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní àwọn ti yó. "Tí yìnyín yìí bá ti yọ́, mò ń lọ sílé mi." Ilé wo? Ilé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀! Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lọ ń dá gbé inú ilé yẹn láìjẹun, mi ò ní rí wọn mọ́.

Ìyá arúgbó tó ń gbé ilé kejì ló sọ fún mi pé irú igi tí wọ́n ń pè ní mépù ni igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wa, pé tí òru bá tutù tí ọ̀sán sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, igi náà á máa sun omi dídùn. Wọ́n bá mi lu ihò kékeré sí i lára, wọ́n ti páìpù bọ̀ ọ́, wọ́n gbé korobá kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká máa sè é títí á fi ki bí oyin, pé ká má rò ó rárá. Mo tọ́ omi náà wò. Ẹ gbà mí, omi lásán! Adùn rẹ̀ ò ju ti omi téèyàn mu lẹ́yìn tó jẹ obì.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi búlọ́ọ̀kù ṣe ààrò, mo dáná, mo gbé ìkòkò ńlá ka iná. Ṣíìfù òru níbi iṣẹ́ ni mo ti bọ̀, oorun ń kùn mí. Mo ní kí Dádì bá mi ṣọ́ ọ.

Nígbà tí mo jí, mo yọjú lójú fèrèsé. Ooru funfun ti bo ẹ̀yìnkùlé, mi ò rí ọgbà, mi ò rí ilé kejì. Àárín ooru yẹn ni Dádì dúró sí, wọ́n ń ro ìkòkò jẹ́jẹ́. Kí ni mo rí lọ́wọ́ wọn? Ọmọ orógùn Màmá! Ọbẹ̀ ni o, ẹ̀kọ ni o, kò sóhun tí Màmá kì í fi rò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Inú àpótí aṣọ Dádì ló wà láti ìgbà tí wọ́n ti dé, mi ò mọ̀.

Mo sáré jáde. "Dádì, wọ́n ní ká má rò ó!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nǹkan wà lórí iná, a ò ní rò ó? Ṣé o rò pé mi ò rí gbogbo bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe ni?"

Ẹni tí kì í wọ ilé ìdáná! Mo tún gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo rọra wọlé, mo fi àwọn àti Màmá sílẹ̀.

Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo omi korobá yẹn ti di ìgò kan ṣoṣo, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo din iṣu, a jókòó. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Grandpa, it tastes like stew!"

Mo fi ìka kàn án lá. Yéè! Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ irú àti ata rodo ń yọjú lẹ́yìn adùn náà. Gbogbo ọbẹ̀ tí Màmá ti sè láyé ló ti wọ inú igi ọmọ orógùn yẹn. Inú bí mi. "Dádì, ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá!"

Wọ́n fi dùndún kàn án, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dijú. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà ìsìnkú ló bọ́ lẹ́nu wọn.

"Ìyá rẹ rèé," ni wọ́n wí. Omijé sì ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ iṣu náà tán, wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́kù.

Mo palẹ̀ abọ́ mọ́. Mo mú ọmọ orógùn, mo fẹ́ da ọṣẹ sí i.

"Má fọṣẹ sí i o!" Wọ́n ti dìde. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi omi lásán ṣàn án, wọ́n fi etí bùbá wọn nù ún. "Ìgbà wo ni igi yìí tún máa sun omi?"

"Ó di ìparí wíńtà tó ń bọ̀, Dádì."

"Ta ló máa wá bá ọ rò ó nígbà yẹn?"

Mò ń retí kí wọ́n gbé e padà lọ sínú àpótí. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ mi, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ṣíbí mi, wọ́n tì í pa.