Yẹ̀kínì Tó Ń Ṣọdẹ Afẹ́fẹ́

Títí di òní tí Alhaji Yẹ̀kínì ti lọ, ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ ní Rye Lane, ní London, ni ti ọṣẹ dúdú. Ojúọlá ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Ó ṣí yàrá ẹ̀yìn ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wọn ní Peckham láàárọ̀ kùtù, kí òṣìṣẹ́ kankan tó dé, ó sì bá Alhaji lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, tó ń fi kànìnkànìn pa ọṣẹ dúdú mọ́ páìpù lára, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Sọ fún mi. Má bẹ̀rù. Sọ fún mi."

Ọmọ Yorùbá tó bá rí ọṣẹ dúdú nínú abọ́ láàárọ̀ kùtù, níbi tí kò sí balùwẹ̀, kì í béèrè ìdí. Ojúọlá, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun láti kékeré, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Alhaji ń fi awúre so iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọ̀gá lè lé àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Ó fa ìgò omi àdúrà yọ nínú báàgì. Ó wọ́n ọn sí páìpù, ó wọ́n ọn sí ògiri, ó sì da èyí tó kù sí Alhaji lójú.

Alhaji fi apá aṣọ nu ojú. Ó tẹjú mọ́ páìpù. "Ẹ ṣeun, Ìyá Aláṣọ Funfun," ló wí. "Mi ò tíì dé ibi tẹ́ ẹ wọ́n omi sí yẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ń hó. Ó ń jò níbẹ̀ náà."

Ká má purọ́, kì í ṣe oògùn nìkan ló ń ba Ojúọlá lẹ́rù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lánàá rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ tó ni ilé iṣẹ́ náà pe gbogbo wọn jọ, tó ní iná mànàmáná ń jẹ owó òun ju ìyẹ̀fun lọ. Ó ní bí kò bá dín kù kó tó di Ọdún Àjíǹde, òun á ti ilé iṣẹ́ pa, òun á sì máa kó búrẹ́dì wá láti Birmingham. Ojúọlá ni supervisor wọn. Ó ti gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní care home títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Kò sí ohun tó tún lè gbé mọ́ àfi búrẹ́dì. Ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ orí rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, bó bá sùn, Birmingham ló ń rí lójú àlá. Kò dé ibẹ̀ rí.

Ohun tó ń jẹ iná jù níbẹ̀ ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, tó sì ń fi páìpù pín in kiri. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń la ẹnu ọ̀rá kí búrẹ́dì lè wọlé, òun náà ló ń ti búrẹ́dì kúrò lórí bẹ́líìtì. Bí oríkèé páìpù bá ń jò, ẹ̀rọ ò ní sinmi, owó iná ò sì ní yéé gòkè. Alhaji tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ló yan ara rẹ̀ ní olùgbàlà wọn. Ó ní ibi tí ọṣẹ bá ti hó, ibẹ̀ ló ń jò. Nígbà tí Ojúọlá bi í pé kí ló dé tí kò lo ọṣẹ ìfọbọ́, ó ní ọṣẹ òyìnbó máa ń purọ́.

Ogun tó kọ́kọ́ gbé dìde ni ti ọ̀pá afẹ́fẹ́, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde láti inú páìpù. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lára kí wọ́n tó lọ sílé. Ojúọlá pàápàá, bó bá ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí ìsọjí, òun ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀, kí funfun ìyẹ̀fun má bàa da funfun ìjọ rú.

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ dànù yẹn?" Alhaji bi í.

"Alhaji, ìyẹ̀fun ni mò ń fẹ́."

"Birmingham lẹ̀ ń fẹ́. Ẹ gbọn aṣọ yín. Ọwọ́ méjèèjì tí Ọlọ́run fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ni kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Ó gbé ọ̀pá náà pamọ́, ó sì pín búrọ́ọ̀ṣì fún wọn. Kóyọ̀dé, tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ráhùn pé ìyẹ̀fun ò kúrò lórí òun dáadáa, pé ìyàwó òun á rò pé òun ti hu ewú lójijì. Alhaji ní kó sọ fún un pé ọgbọ́n ló dé.

Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, òun àti Ojúọlá jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Rye Lane. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé ṣìì, Alhaji na etí. Ó dìde, ó lọ bá awakọ̀.

"Driver, your door is leaking."

Awakọ̀ náà wò ó nínú dígí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó." Peckham kúkú nìyẹn, awakọ̀ pàápàá ọmọ Yorùbá ni.

"Mi ò lè jókòó, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ń lọ."

"Bàbá, àwọn èrò náà fẹ́ lọ."

Gbogbo bọ́ọ̀sì ń wò. Ojúọlá kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Alhaji sì nawọ́ sí i, ó ní, "Bó o bá rò pé mò ń purọ́, supervisor mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn." Ojúọlá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fẹsẹ̀ rìn délé.

Èyí tó wá dẹ́rù bà á jù ni ti agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú páìpù. Alhaji ní wọ́n ti gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ, pé bó bá ṣe ń ga sí i ni owó iná ṣe ń pọ̀ sí i. Kóyọ̀dé fárí gá. Ó ní bí wọ́n bá dín in kù pẹ́nrẹ́n, ọ̀rá ò ní ṣí, búrẹ́dì á máa já bọ́ sílẹ̀, ọ̀gá á sì lé gbogbo wọn kí ọdún tó dé. Ojúọlá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó bẹ Alhaji pé kó fi í sílẹ̀. Alhaji ní ó dáa, kò burú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ó rọra rìn lọ sídìí Kóyọ̀dé. "Báwo ni ọ̀rá?"

"Wọ́n ń ṣí dáadáa, Alhaji. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo ti dín in kù láti ọjọ́ Ajé."

Kóyọ̀dé wo ọ̀rá, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Abájọ tí èjìká fi ń dùn mí."

Ọ̀gá dá ọjọ́ tí yóò wá wo bóyá iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ti dín kù. Nígbà tó kù sí dẹ̀dẹ̀, àìsàn ọkàn gbé Alhaji lọ sí ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, Ojúọlá nìkan ló wà níbi iṣẹ́. Kò tíì tan ohunkóhun bí kò ṣe kọ́ńpúrẹ́sọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lo afẹ́fẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́ díẹ̀, á tún bú, á dákẹ́, á tún bú. Ojúọlá mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ó pe fóònù Alhaji. Mìsítúrà, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, ló gbé e.

"Ó ní kẹ́ ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ," ni Mìsítúrà wí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún ní, "Ó ní kẹ́ ẹ sún un mọ́ ọn sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò wá o."

Alhaji gba fóònù. Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. "Ó ku ibì kan tó ń jò. Ẹ lọ gbé ọṣẹ."

Ojúọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó ń pa ọṣẹ mọ́ oríkèé páìpù níkọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọ̀gá ti dé. Kò sí èyí tó hó, àfìgbà tó kan oríkèé kan tí Alhaji fọwọ́ ara rẹ̀ dì, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀. Ọṣẹ ru sókè bí ògì lórí iná.

"Alhaji, èyí tẹ́ ẹ dì fúnra yín ni."



"Ìyẹn ò jò," ni Alhaji wí. "Ó ń mí ni." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ fún un pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí Kóyọ̀dé gbọ́."

Ojúọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípánà fún un tán ni Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ wọlé. Ó káwọ́ sẹ́yìn níwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀. Ó dúró títí, Ojúọlá náà dúró, ó ń gbàdúrà láìla ẹnu.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ó ń sinmi ni, sà."

Ọ̀gá wo mítà iná tó wà lára ògiri. Ó wò ó pẹ́. "Mi ò mọ̀ pé ó máa ń sinmi," ló wí. Ó yí padà, ó ń lọ. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ yín."

Ojúọlá tún pe ọsibítù. Mìsítúrà ní nígbà tí Alhaji gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi nọ́ọ̀sì pé ta ló ń bójú tó afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú bẹ́ẹ̀dì òun, nítorí òun ń gbọ́ nǹkan. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ nílé rẹ̀ nítòsí Peckham Rye, gbogbo ilé iṣẹ́ ló lọ. Wọ́n sọ ti bọ́ọ̀sì, Alfa alára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojúọlá wọ ilé ìdáná lọ bá Mìsítúrà fọ ife. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ń kán, tó, tó, tó.

"Ìyá, èyí ń jò o."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Alhaji á ní omi kì í ṣe afẹ́fẹ́, pé omi ò lè sá fóun."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Mìsítúrà fi di etí síǹkì mú. Ojúọlá nu ojú, ó fa sípánà yọ nínú báàgì. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fún un pọ̀. Kò ní pẹ́ rárá."

Mìsítúrà gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ omi náà. "Fi í sílẹ̀, àbúrò mi. Bí ilé yìí bá dákẹ́ pátápátá, mi ò mọ ibi tí màá fi etí sí."

Ojúọlá dá sípánà padà sínú báàgì. Ó fa àga méjì, wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ omi tó ń kán.