Gató tó Yí Àdúgbò Wa Ká

Ẹ bá mi dá ọkọ mi lẹ́jọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má sì wo ti pé ojú rẹ̀ ò dáa.

Gbogbo àdúgbò wa ní Cadjèhoun ló ń pè é ní Mẹ́tìrù, bí Faransé ṣe ń pe tíṣà. Adélékan ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Pobè, àmọ́ ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, orúkọ iṣẹ́ sì gbé orúkọ ilé mì. Ilẹ̀kùn kíláàsì ló gé ṣóńṣó àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fi áńkáṣífì dì í, ó sì parí ìṣirò tó ń kọ́ wọn kó tó lọ ilé ìwòsàn. Ọkùnrin gidi ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ohun dídùn, ẹ má fọkàn tán an.

Ọdún kẹfà rèé tí dókítà ti rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀, títí ó fi di pé òjìji lásán ló ń rí. Ọkùnrin tó fi ìwé kíkà jẹun kò lè ka nọ́mbà orí fóònù rẹ̀ mọ́. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ìró ẹsẹ̀ mọ ẹni tó ń kọjá. Bí bààlúù bá gbéra ní pápá ọkọ̀ òfurufú, á gbójú sókè, á ní, "Èyí tóbi o." Kò rí nǹkan kan. Ìyẹn ń dùn mí wọra.

Ni Ọlọ́run bá ṣe é, wọ́n ní oníṣẹ́ abẹ ojú kan ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ló ń wá. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Màmá, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣúgà Bàbá kò gbọdọ̀ ju 1,50 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan ojú yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀." Mo wo Mẹ́tìrù. Mẹ́tìrù ní òun gbọ́. Etí rẹ̀ kò kúkú ní àrùn kankan.

Ẹ tiẹ̀ wo ìgbà tí wọ́n fún wa! Lẹ́yìn Kérésì, lẹ́yìn ọdún tuntun! Ládùúgbò wa, bí ọdún bá dé, oúnjẹ la fi ń kí ara wa. Ìrẹsì á lọ, àmíwò, ọkà àgbàdo alátòmátò, pẹ̀lú adìyẹ á bọ̀, súkírérì, àwọn ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò wọ̀nyẹn, á máa wọlé ní páálí-páálí. Kọ̀ ọ́, o ti di ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ a kì í dá àwo aláwo padà lófìfo. Ilé mẹ́rin la sún mọ́ra. Tiwa nìyí, ti Monísọ́lá onísọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Adéoyè, tó ń bá oníṣòwò yọ ẹrù ní èbúté, wà lọ́wọ́ òsì. Ti Háàrúnà ará Kétu, onímọ́tò akẹ́rù, ló kọjú sí wa. Ìyàwó Háàrúnà, Ràfíátù, kú ní oṣù Kejì ọdún náà. Wọ́n ní àìsàn ráńpẹ́ ni.

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ṣúgà ń bẹ lára Mẹ́tìrù. Kí wọ́n máa wá ṣíjú wo abọ́ wa? Rárá o! Ọgbọ́n tí mo dá ni pé ohunkóhun tó bá wọlé lọ́wọ́ ọ̀tún, kó gba ọwọ́ òsì jáde.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú Kérésì, Monísọ́lá gbé páálí kan wọlé. Gató ńlá ni, kéèkì funfun báláú, wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ ewé kọ "Joyeux Noël", ẹ kú Kérésì, sí i, òdòdó pupa kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ta ló ń wo ẹ̀gbẹ́? "Màmá, ẹ kú ọdún o! Ẹ fi panu," ló wí. Mo dúpẹ́ títí ẹnu ń ro mí. Mo gbé e sí ilé ìdáná, mo sáré lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, n kò tilẹ̀ ṣí i wò, mo fi súkírérì mẹ́rin lé e, ó di ilé Adéoyè. Adéoyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, a ó jẹ ẹ́ tán pátá!" Irọ́ ńlá!

Láràárọ̀ ni mo ń gún ìka Mẹ́tìrù. 2,10. 2,30. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ gbọ̀mà àti ẹja yíyan ni mo ń fún un o.

"Mẹ́tìrù, kí lẹ jẹ?"

"Ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń gbé ṣúgà sókè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Sáyẹ́ǹsì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, Monísọ́lá tún dé tòun ti páálí. "Màmá, ti ọdún tuntun rèé!" Gató tún ni. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha "Noël" kúrò, wọ́n wá fi tòmátò alágolo kọ "Bonne Année" rọ́pò rẹ̀. Tòmátò, lórí gató! Mo ní kí n wò ó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀. Òdòdó pupa ti pòórá. Níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀, àpá àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀, ó jìn wọnú, kò sì ní ṣóńṣó.

Mo lọgun. "Adélékan! Máa bọ̀ níbí!" Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ọ̀wọ̀.

Ó fọwọ́ tọ́ ògiri wá. "Kí ló dé?"

"Àtàǹpàkò rẹ ni mo rí lórí gató!"

"Gató wo?"

"Èyí tí Monísọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá."

Mẹ́tìrù na ara rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tó wà níwájú pátákó. "Ìyá Ìbùkún, ẹ jẹ́ ká lo ọpọlọ. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, báwo ni àtàǹpàkò mi ṣe dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀?"

Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ náà. Òun náà fọwọ́ wá àpá náà. Ìgbà náà ló yé àwa méjèèjì: gató tí a gbé jáde ló yí àdúgbò ká tó padà wá bá wa, kò sì sí ẹni tó fi kan ẹnu, àyàfi olè tó wà nílé mi.

N kò fi mọ síbẹ̀. Mo gbé gató náà lé orí, mo bọ́ sí ìta, mo pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ra gató yìí? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́? Ṣé ẹ fi nǹkan sí i ni?" Monísọ́lá ń wo ilẹ̀. Adéoyè ń wo bààlúù.

Háàrúnà ló dáhùn. "Èmi ni mo rà á. Ràfíátù kì í jẹ́ kí Kérésì yín kọjá kó má gbé nǹkan wá. Mo ní kí orúkọ rẹ̀ má pa rẹ́. Ó já bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀, mo fọwọ́ tún un ṣe, mo gbé e fún Monísọ́lá. Lọ́jọ́ kẹta Kérésì, Adéoyè gbé gató wá fún mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó nàka sí gató orí mi. "Mo ní, ṣé nítorí pé ìyá ilé ti kú ni wọn ò fi lè jẹ oúnjẹ wa mọ́? Mo tún gbé e fún Monísọ́lá, kí n wò ó bóyá ẹnì kan á jẹ ẹ́."

Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mẹ́tìrù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. "Àlájì Háàrúnà, èmi jẹ ẹ́. Òdòdó orí rẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn gan-an. Ṣúgà ń ṣe mí, kò yẹ kí n jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́. Gbogbo oúnjẹ tó gba ilé wa kọjá ni mo tọ́ wò."

"Ṣúgà?" Adéoyè ní. "Èmi náà! Tèmi ti dé 3,10 rí!"

"Kí ni 3,10?" Monísọ́lá já lu ọ̀rọ̀. "Tèmi wọ 4 lọ́dún Àjíǹde!"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà ṣe fáàrí láàárín ìta. Ta ló ní ẹ̀rọ, ta ló ń lo oògùn mélòó. Mẹ́tìrù, tí tirẹ̀ ò ju 2,30 lọ, kò ríbi bọ́ sí i. Ẹ̀rín pa mí, inú sì tún ń bí mi.

Háàrúnà kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé àwo kan jáde. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: àwo mi ni, èyí tí mo fi gbé gató fún Ràfíátù ní Kérésì èṣí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá, wọn ò tíì já a.

"Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí i lábẹ́ aṣọ rẹ̀," ó ní. "Kò sọ fún mi pé òun ní ṣúgà. Gató yín yẹn, gbogbo rẹ̀ ló jẹ, kí ẹ má bàa ní ó kẹ́gàn oúnjẹ yín."

Mo gba àwo náà, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún un.

Mo gbé ọ̀bẹ. Gató ti le koránkorán, Adéoyè ló bá mi tẹ ọ̀bẹ náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gba ègé kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò Mẹ́tìrù lọ, a jẹ ẹ́ lójú Háàrúnà, tòmátò rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀, a sì ní kí Ọlọ́run tẹ́ Ràfíátù sí afẹ́fẹ́ rere. Lọ́jọ́ kejì, ọdún tuntun, ìkòkò kan ṣoṣo la gbé kaná: ẹja, gbọ̀mà, ẹ̀wà, ẹ̀kọ àkàsà kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, omi tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. A jẹ, a yó, ó sì dùn. Láti ọjọ́ náà, nírọ̀lẹ́, Háàrúnà á di Mẹ́tìrù lọ́wọ́ mú, a ó rìn lẹ́bàá ọgbà pápá ọkọ̀ òfurufú lọ, a ó rìn bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ Ràfíátù ni mo já. Mo gún ìka Mẹ́tìrù. 1,46. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejì ni wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọ̀tún rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó wò mí títí.

"Oyèníkẹ́," ó ní. Láti ọjọ́ tí a ti bí Ìbùkún, kò pe orúkọ mi rí. "Ìgbà wo ni irun rẹ funfun tó báyìí?"

Mo fẹ́ bú u, ẹkún ló jáde.

Nígbà tí a délé, ó ní kí n gbé àwo yẹn wá. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀pà sísè wà nílé. Mo bu ẹ̀pà kún un. Mẹ́tìrù gbé e fúnra rẹ̀, ó sọdá lọ sílé Háàrúnà, kò sì sí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú.