Bí Ọkọ̀ Àlùbọ́sà Ṣe Ń Dún Tó Bá Ṣófo

Òórùn ewé tutù tí a fi ń di obì ló máa ń jí mi lówùúrọ̀ ní ilé wa létí títì ní Ṣàgámù. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á ti jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa ṣa obì sínú agbọ̀n. Màmá mi ló máa ń bá obì náà lọ sí Kánò, ọkọ̀ kan náà á sì gbé àwọn àti àlùbọ́sà padà wá.

Ìyá Àgbà kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ ọkọ̀ tó rẹrù kí n tó rí i. Táyà rẹ̀ á máa kùn mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á nípọn, á pẹ́ létí. Tó bá ṣófo, pákó ara rẹ̀ á máa pariwo, ṣùgbọ́n táyà á kàn máa súfèé lórí ọ̀dà ni. Àbúrò màmá mi, Bọ̀dá Tíṣà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè tí kì í sì í bọ́ táì bó bá ń jẹ ẹ̀bà, ní ẹ́ńjìnnì ló ń dún, sáyẹ́ǹsì ló wí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú làákàyè, tíṣà," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, màmá mi fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ lọ. A ò gbúròó wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn lókèèrè, mo sì dẹtí sí táyà. Ó ń súfèé.

"Ìyá Àgbà, ó ṣófo."

Ọwọ́ wọn dúró lórí obì. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí kò gbé àlùbọ́sà bọ̀ kò lè gbé màmá mi bọ̀. Mo bú sẹ́kún.

Ọkọ̀ dúró. Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ níwájú, eruku bò wọ́n látorí délẹ̀. "Ta ló na ọmọ mi?" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ ní Jẹ́bà. Wọ́n ti ta àlùbọ́sà síbẹ̀ kó má baà jẹrà.

Bọ̀dá Tíṣà tún táì ṣe. "Màámi, ẹ ò wá rí i pé ìró táyà ò ṣeé gbára lé?"

"Kò parọ́," Ìyá Àgbà ní. "Ẹrù la bi í. A ò bi í léèrè ọmọ mi." Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú wọn.

Lónìí, èmi náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo lè fi wákàtí méjì ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo sí i ni táyà ṣe ń tẹ̀ mọ́ ọ̀dà sí i, tí ìró rẹ̀ á sì máa pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì sùn. Níwájú Ìyá Àgbà, èmi ò sùn rí.

Màmá mi ti dàgbà, wọ́n ti fúyẹ́. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé wọn wá sílé mi ní Ìlíṣàn. Ọmọ tó sunkún lọ́jọ́sí ì bá ti gbọ́ ọ láti ìkóríta; ọ̀jọ̀gbọ́n kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń bá wọn, tí wọ́n ń bínú pé ẹnikẹ́ni ò jáde wá pàdé àwọn. Mo máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì máa ń dúpẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bú mi.