Ta Ló Ní Wẹ́dà Wà Lẹ́nu Iṣẹ́?

Kò sí ẹni tó mọ Wẹ́dà tí yóò pè é ní ọ̀lẹ. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, irin ló ń jó mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: géètì, irin ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ àga tó ti yẹ̀. Iná a máa ta sí i lára, awò dúdú a sì máa fún un lójú. Bó bá délé tó wẹ̀ tán, yóò fa àga sídìí fèrèsé, yóò mú pẹ́ńsù, yóò sì máa ya àwọn ẹyẹ tó ń bà lé òrùlé iwájú. Bó bá wù ú, a ya ìyẹ́ apá nìkan. Bí kò bá wù ú, a máa wò wọ́n lásán. Ẹnikẹ́ni kì í bi í. Eré ọwọ́ ni, bí àwọn àgbà ti ń ṣe é nígbà tí ayé ṣì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sinmi.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kó àwòrán ẹyẹ lọ fi han àwọn ará ọ́fíìsì, ó sì mú fọ́tò ọ̀gá rẹ̀ obìnrin bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ya ọ̀gá náà. Ni fọ́tò bá ń rọ́ wọlé: ti akọ̀wé, ti ìyàwó akọ̀wé, ti ọmọ tuntun tí imú rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò jókòó sí. Obìnrin náà kọ́ gbogbo rẹ̀ sára ògiri, òun náà ló sì ń bá àwọn tó ni fọ́tò dá ọjọ́ tí wọn yóò gba àwòrán. Ẹyẹ ń bà, ẹyẹ ń fò lọ. Imú àjèjì ni Wẹ́dà ń yà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ yà wọlé, ó bá a níbi tó tẹrí kodò sórí ìwé, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó nítòsí.

“Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o!”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.” Ó dáhùn tán kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi kí i. Ló bá fò dìde bí ẹni tí àkekèé ta. “Kí lẹ pè é? Iṣẹ́? Nínú pálọ̀ mi?”

“Kí ni kí n wá wí? Ẹ kú oorun?”

“Ẹ kú eré! Ẹ kú ìgbádùn! Ìyá wọn, ṣé o gbọ́? O ti sọ ìgbádùn mi diṣẹ́!”

“Bàbá wọn, ẹ̀bùn lẹ ní. Ṣé kó kàn ṣòfò ni?”

“Kó ṣòfò! Tèmi ni, kí n fi ṣòfò bó ṣe wù mí! Ta ló sọ fún ọ pé n kò níṣẹ́?”

“Mo kàn ń fi yín yangàn ni.”

“Fi géètì mi yangàn!”

Ó já gbogbo fọ́tò náà kúrò lára ògiri. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó kó wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì dà wọ́n sórí káńtà níṣojú ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀gá ní, “Ṣé ojú wa kò dára tó ni, sà?”

“Ojú yín dára, mà. Ojú tèmi ló ti rẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n délé nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gba ilé ìdáná lọ. Wẹ́dà jókòó sídìí fèrèsé. Ẹyẹlé kan bà. Ó ya orí, ó ya àyà. Ìgbà tó wo ìwé dáadáa, imú ọ̀gá gan-an ló wà níbi tó yẹ kí àgógó wà.

Obìnrin náà ń kọjá lọ, ó rí i, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Háà! Ọ̀gá mi ti hu ìyẹ́!”

Wẹ́dà kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rín ń pa ọ́? Wo bí ẹ ṣe gba eré ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi.”

Ó rún ìwé náà mọ́ ọwọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó sì káwọ́ gbera. Obìnrin náà la ẹnu láti ní kó ya òmíràn. Wẹ́dà wò ó. Ìyàwó rẹ̀ rọra pa ẹnu náà dé.