Ìrẹsì Ọjọ́ Ìsinmi

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé yàrá kan ní Kétu, nínú ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí gbogbo wa sì jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Ẹni tí yàrá wọn dojú kọ tèmi ni mò ń pè ní Mummy. Opó ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú, tòmátò ni wọ́n ń tà ní Mile 12. Èmi ò lọ́kọ, n ò sì bímọ. Tíṣà ni mí níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí. Bí Mummy bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á bu tèmi sínú abọ́ búlúù kan, wọ́n á sì kan ilẹ̀kùn mi: "Tíṣà, wá gba oúnjẹ kó tó tutù." Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó lè jẹ́ gbólóhùn yẹn nìkan lẹnì kan máa bá mi sọ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwa tíṣà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Kì í ṣe ojú kan. Lónìí èjìká, lọ́la ìbàdí, lọ́túnla ọwọ́ tí mo fi ń mú ṣọ́ọ̀kì. Màá sùn títí, màá sì jí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì mọ́jú. Àwọn ará ilé ní làkúrègbé ni. Ọ̀gá wa níléèwé ní ọ̀lẹ ni. Mo mu àgbo, mo fi òrí para, kò gbọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò títí tí wọn ò rí nǹkan kan, dókítà àgbàlagbà kan ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: fibromyalgia, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa ro èèyàn. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, torí ahọ́n mi ò gbé e. Wọ́n ní kò sí oúnjẹ tó ń wò ó sàn, àmọ́ pé ara kálukú ló mọ ohun tó ń bá a jà. Kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sínú ìwé, kí n sì máa kọ bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì.

Iṣẹ́ tíṣà nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ra ìwé tuntun, mo fàlà sí i. Kí oṣù méjì tó pé, ìwé ti sọ ohun tí n ò fẹ́ gbọ́. Bí mo bá jẹ ọ̀dùnkún sísè pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja tí wọn ò dín, mo lè dúró níwájú pátákó títí iléèwé á fi jáde. Bí mo bá jẹ búrẹ́dì, tí mo sì mu mínírà sí i, ara á ro mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ló burú jù, gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìrẹsì Mummy ni mò ń jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí òróró ń léfòó lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí n lọ sọ fún wọn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti Abẹ́òkúta dé, tí wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ń pariwo pé wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ríran sí mi: ẹni tí mò ń bá jẹun ló ń fi àìsàn ṣe mí. Ilẹ̀kùn Mummy wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa gbà pé dókítà ni ìdí tí mo fi yéé jẹ ìrẹsì wọn?

Ni mo bá ṣe òmùgọ̀. Mò ń gba abọ́, mò ń dúpẹ́, mò ń da ìrẹsì sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, mò ń fọ abọ́, mò ń dá a padà. "Ó dùn gan-an, Mummy." Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣe é. Ara mi ń fúyẹ́, ojú sì ń tì mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹjọ, ajá onílé fa náílọ́ọ̀nù náà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Mummy ń pọnmi lọ́wọ́. Wọ́n rí ìrẹsì wọn nílẹ̀, wọ́n sì rí orí ẹja lẹ́nu ajá, orí ẹja tí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Tíṣà, ta ni mo pa rí?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ló ní..."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo sáré mú ìwé mi wá, kí wọ́n lè rí i pé òótọ́ ni. Mummy ò kàwé púpọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kà tó. Mo ti kọ ìrẹsì Mummy sí apá kan, mo kọ ìrora sí apá kejì, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

"O ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá ìwé padà fún mi.

Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Èmi yìí náà ni mo fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi o.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni àárọ̀ nìkan ló kù láàárín wa. Ọjọ́ Ìsinmi á dé, òórùn ọbẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, màá sì jókòó, màá máa retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí èrò kún fọ́fọ́.

Nígbà tó tó oṣù mẹ́rin, n ò lè fara dà á mọ́. Mo gbé abọ́ tèmi, mo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ bu ìrẹsì fún mi. Ibí ni màá ti jẹ ẹ́, lójú yín."

Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n mú ṣíbí, ọwọ́ wọn wá dúró.

"Bí mo bá bu ún fún ẹ, ṣé ara ò ní ro ẹ́ lọ́la?"

Irọ́ ti sú mi. "Ó lè ro mí, Mummy."

"Tó bá wá ro ẹ́, ta ni wọ́n máa ní ó ṣe é?"

Wọ́n dé ìkòkò. "Máa lọ, Tíṣà. Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn." Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mo gbé abọ́ mi padà. Mo se ọ̀dùnkún, mo fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, kò síbi tó ro mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ Ajé, ara le. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún.