Tẹlifóònù Ilé Dókítà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Misfalah, ní ìlú Mẹ́kà, ilé tí kò bá ní ìkámà kò lè ní tẹlifóònù. Ìkámà ni ìwé tí ìjọba fi ń gba àjèjì láyè láti gbé ìlú. Àwọn òbí mi ò ní in. Hájì ni wọ́n bá dé, wọ́n sì jókòó pa, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ilé wa. Bàbá mi ń ru ẹrù fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, màmá mi ń fọ aṣọ funfun tí àwọn oníhájì ń wọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti sá a sórí òrùlé, kí n sì jókòó tì í kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà síbẹ̀ ẹ ó rántí òórùn ọṣẹ yẹn, àti bí àtẹ̀gùn olókùúta ṣe máa ń jó wa lẹ́sẹ̀ tí a bá ń fò sókè sódò lọ́sàn-án gangan.

Rusaifah, àdúgbò mìíràn ní Mẹ́kà, ni tẹlifóònù wà, nílé Dókítà. Ọmọ Ìwó bíi ti àwọn òbí mi ni Dókítà. Ilé ìwòsàn kan ló mú un wá láti Ìbàdàn, ó níwèé, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùṣírá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, màmá mi á mú mi lọ síbẹ̀ láti bá Àlàájà, ìyàwó Dókítà, se oúnjẹ. Oúnjẹ kọ́ ló ń gbé wa lọ o. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù ní Ìwó lọ́jọ́ Jímọ̀, nọ́ńbà ilé Dókítà ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, mo ń jowú Bùṣírá. Mo ń jowú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo ń jowú omi tútù tó ń mu, mo ń jowú bàtà ẹ̀ tó ń tan iná nídìí. Àmọ́ tẹlifóònù yẹn ló burú jù. Pupa ni. Àlàájà hun aṣọ olówùú kan bò ó lórí bí ẹni pé òtútù ń mú un. Tó bá ti dún, Bùṣírá á sáré débẹ̀, èmi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí. Tí màmá mi bá fi Yorùbá pè mí, Lárúbáwá ni mo fi ń dáhùn. Bùṣírá ní tiẹ̀ kò tíì ju ọdún kan lọ tó ti Ìbàdàn dé. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ pè, ọwọ́ màmá mi wà nínú ẹ̀wà tó ń bó fún àkàrà, Bùṣírá ló gbé e. Ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifóònù bí ẹni pé ẹni tó ń pè ń wò ó, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó kígbe pé, "Àlàkẹ́! Àlàkẹ́ mi!"

Èmi ni Àlàkẹ́. Ìyá Àgbà ló sọ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn ìbí mi dé bá a, kò sì tíì fojú kàn mí rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì mi ki Bùṣírá. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, nítorí ẹni tó bá ń pè láti Ìwó nígbà náà máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e fún mi, "áíwà, áíwà" nìkan ló jáde lẹ́nu mi, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ Lárúbáwá wo lẹ gbé e fún yìí? Ẹ fún Àlàkẹ́ padà jàre." Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún Bùṣírá. Ojú ló ń tì í. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọmọ òun ò gbọ́ Yorùbá? Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù, oṣù di ọdún.

Lọ́dún náà, ará Ìwó kan tó wá ṣe hájì gbé àádùn wá láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ó ní ti Àlàkẹ́ ni. Ìyẹn ò lè ṣi ilé, ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ sí Rusaifah, mo jẹ ẹ́ níṣojú Bùṣírá, mo ń lá ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé itọ́ mì, ó ní kí n fún òun díẹ̀. Mo ní "kálás", ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ó ṣì kún ẹnu mi. Ọjọ́ méjì ni inú fi run mí. Màmá mi ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà." Mo wo àyà ara mi, egungun nìkan ni mo rí níbẹ̀, mo sì gbà pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn àgbà wà ní kíṣìnì tí Bùṣírá ń wẹ̀, mo rá pálá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa wáyà tẹlifóònù yọ lára ògiri. Mo wá jáde, mo jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí mo rò ni pé bí kò bá ti lè jẹ́ tèmi, kó má jẹ́ ti ẹnì kankan. A jẹun tán, kò dún. A kírun Àlàásárì, kò dún. Màmá mi ò kúrò nídìí ẹ̀, kò sì jẹ́ gbé e wò, ó ń bẹ̀rù pé ìgbà tóun bá gbé e gan-an ni ìpè á fẹ́ wọlé. Ó di ìgbà tí Dókítà dé tó fẹ́ pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kú. Ó tọ wáyà lọ dé ara ògiri. Gbogbo wọn sì yíjú sí mi, nítorí eruku ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti kun ìbòrí mi.

Sálúbàtà ẹsẹ̀ màmá mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà dùn mí ju ẹgba lọ. Ìyá Àgbà pè títí, nígbà tí kò wọlé, ó gbà pé ọlọ́pàá ti kó wa, pé wọ́n ti ń dá wa padà sílé. Ó lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ní Ìwó, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí a ṣe ń fọ aṣọ, gbólóhùn kan ni màmá mi ń kọ́ mi. Tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́: "Ìyá Àgbà, èmi ni Àlàkẹ́ gan-an. Ẹ dárí jì mí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irọ́ ni. Àlàkẹ́ tèmi ò kólòlò. Ẹ bá mi pè é." Màmá mi ní kí n fara balẹ̀, tí mo bá ti gbọ́ Yorùbá dáadáa, á mọ̀ mí.

Mo fi ìbínú kọ́ Yorùbá. Àmọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n sọ, iṣẹ́ Dókítà parí, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n padà sílé, nọ́ńbà sì bá wọn lọ. Lẹ́tà la fi gbọ́ pé Ìyá Àgbà ti kú. Kò kì mí rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lónìí, Jeddah ni mo ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ìwé wa sì pé. Owó tí à ń san lóṣooṣù fún íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, tẹlifóònù onílé wà nínú ẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ o, ẹ ò fẹ́ ẹ o. Ọkọ mi ní kí là ń sanwó ohun tẹ́nikẹ́ni ò fi pè wá fún. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní àpapọ̀ ni wọ́n ń tà á. Ó ń kùn, èmi ń dúpẹ́ nínú. Mo ra tẹlifóònù sí i, mo gbé e sí pálọ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Orí fóònù ọwọ́ ni wọ́n ti ń rí màmá mi, tó ti padà sí Ìwó. Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, síbẹ̀ ó ń rí ojú wọn, ó ń pe oríkì kálukú, kì í ṣì wọ́n mú. Mo ń jowú wọn, ọmọ tí mo fi inú mi bí. Mo mọ̀ pé kò bójú mu.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí Bùṣírá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlọrin ló wà. Nọ́ńbà ilé ni mo fún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tẹlifóònù dún, àwọn ọmọ mi fò dìde, wọ́n rò pé nǹkan ń jóná. Mo sọ fún Bùṣírá pé kó kì mí bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń kì í. Ó ní, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí mo tọrọ àforíjì tí mo kólòlò yẹn, Ìyá Àgbà bi òun pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" òun sì jẹ́wọ́. Ìyá Àgbà ní ó dáa, kóun máa gbọ́ oríkì náà sétí, kóun sì máa fi kọ́ Àlàkẹ́.

"Mi ò kọ́ ẹ," ni Bùṣírá wí. "Mi ò bá ìyá àgbà kankan láyé. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé e kalẹ̀. Mi ò gbé e kalẹ̀. Mo ní kó kì mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn Ìyá Àgbà gan-an ni, pẹ̀lú ariwo ẹ̀. Nígbà èwe mi, ilé onílé la ti ń gbọ́ ẹni tó ń pè wá. Lónìí tẹlifóònù jẹ́ tèmi, orúkọ mi ló wà lórí ìwé ẹ̀, oríkì náà sì jẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n ẹnu Bùṣírá ló wà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè báyìí, mo sì ń jowú ẹ̀ títí tó fi máa ń kì mí tán.