Imú Ajá Ọdẹ

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ajá Ọdẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé èébú ni. Oyè ni o! Imú ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tú ọkọ̀ palẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n á máa họ orí. Òun á kàn kúnlẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, á fa imú lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ọ́ìlì ń kán sórí páìpù èéfín. Ẹ wo apá òsì." Wọ́n á wo apá òsì, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ọgbọ̀n ọdún ni imú yẹn fi bọ́ ọ. Òun ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, òun ló fi rán ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ìwé títí ọmọ náà fi di nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ibà mú un, ọ̀fìnkìn tẹ̀ lé e. Ibà lọ, ọ̀fìnkìn lọ, wọ́n sì kó imú náà lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá ìkòkò tó ti jóná di dúdú lórí sítóòfù, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Òórùn kí ni?"

Obìnrin náà wò ó títí. Ó mú àlùbọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. Omi dà lójú ọkùnrin náà, àmọ́ ó mi orí pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Kí n sọ kí ni? Pé Ajá Ọdẹ ò nímú mọ́? Fi í sílẹ̀. Á padà."

Kò padà. Ẹ̀rù ni kí n pè é ni, àbí ìgbéraga? Ẹní kan náà làwọn méjèèjì jọ ń sùn lé.

Àsìkò yẹn ni Màmá Agbẹ̀bí gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Màmá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ló sì gbẹ̀bí ọmọ Ajá Ọdẹ. Nígbà tó gba owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó fi pamọ́ sí báǹkì. Ó lọ fi ra ọkọ̀ eré pupa oníjókòó méjì, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbẹ̀bí nínú òjò. Ẹ jẹ́ kémi náà sáré díẹ̀ kí n tó kú." Òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló ń gbé e lọ síbi tó bá wù ú, kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ti di ọ̀mùtí sí mi lọ́wọ́," ni Màmá wí. "Mo da kúláǹtì kún un lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀, ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ kò kán sílẹ̀. Tí mo bá sì wà nínú rẹ̀, mo máa ń gbọ́ òórùn kan tó dùn, bíi ṣúgà tó ń jó."

Kúláǹtì yìí ni omi aláwọ̀ ewé tó máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó ṣe ń rùn gan-an tó bá ń jò ni Màmá ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn dúró tì wọ́n, wọ́n ń dúró kí Ajá Ọdẹ ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló sì dà bíi pé ó gbọ́ òórùn pẹtiróòlù fírí, inú rẹ̀ sì dùn pé imú òun ti ń padà. Ó ki orí bọ inú ọkọ̀, ó fa imú. Ó tún un fà.

"Kò sóòórùn kankan níbí, Màmá. Imú yín ló ń tàn yín."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já bọ́ lẹ́nu èèyàn!

Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Kúláǹtì tún gbẹ. Ó ní rédíétọ̀ ni. Rédíétọ̀ ọkọ̀ eré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà níbi tí wọ́n ti ń ra ti ọkọ̀ gbogbo ayé. Òkè òkun ni wọ́n ti ránṣẹ́ mú un wá, Màmá sì ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ú kù láti san án. Kúláǹtì tún gbẹ. Ó ní pọ́ǹpù ni. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rin gbindin lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ní òjò ló gba orí aṣọ wọlé. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá wá ló ń mẹ́nu ba òórùn yẹn, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Kò sọ ọ́ mọ́ nítorí pé ó ti gbà pé kò sí níbẹ̀. Ó ti ń gbé ife mílíìkì lọ bá aládùúgbò pé, "Bá mi gbọ́ ọ wò, ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí èmi ni?" Ó bi dókítà rẹ̀ bóyá àgbàlagbà lè máa gbọ́ òórùn ohun tí kò sí. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọpọlọ bá ti ń darúgbó. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọmọ Màmá ọkùnrin, akọ̀wé báǹkì. Ọmọ náà ní àsìkò ti tó kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n ti ilé náà pa.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ́ńjìnnì hó lójú títì, ó gbóná títí ó fi là. Wọ́n fi ọkọ̀ míì wọ́ ọ wá. Ajá Ọdẹ wá tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí kò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ni rédíétọ̀ kékeré tí kúláǹtì ń gbà kọjá láti mú inú ọkọ̀ móoru wà. Ìpẹ́pẹ́ aláwọ̀ ewé ti gbẹ mọ́ gbogbo etí rẹ̀; ibẹ̀ ló ti ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń fi irin gbígbóná lẹ ike ọkọ̀ kan tó sán nígbà tí Màmá àti ọmọ rẹ̀ dé. Ó ju irin náà sórí tábìlì láàárín àkísà, ó gbé rédíétọ̀ kékeré náà, ó sáré jáde. Màmá wá dágbére ni. Ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó! Ibí ló ti ń jò látìbẹ̀rẹ̀. Òórùn yẹn wà, ẹ̀yin lẹ jàre. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Imú mi ti kú látìgbà òjò, mo sì parọ́ fún yín."

Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ajá Ọdẹ. Ìwọ tó gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó nílé mi láti ìta, kémi tí mo wà nínú ilé tó mọ̀? O ṣeun, ọmọ gidi ni ẹ́. Àmọ́ má parọ́ mọ́ ara rẹ torí pé o fẹ́ tù mí nínú."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra—"

"Má búra."

"Ẹ bi ìyàwó mi!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ Màmá wí jẹ́jẹ́, ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń gbé gíláàsì fèrèsé sókè. "Ẹ má tún dà wọ́n láàmú mọ́. Ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni."

Màmá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó dúró, ó gbé imú sókè.

"Nǹkan kan ń jó," ló wí. Lójú ẹsẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ọmọdé tó fọ́ àwo. "Ẹ má dá mi lóhùn. Kò sí nǹkan kan."

Ajá Ọdẹ fa imú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn tì, ọkọ̀ náà lọ.

Ìgbà tó yíjú padà ló rí èéfín. Irin gbígbóná ti jó àkísà di ihò, iná ti ń ràn mọ́ etí tábìlì. Kò tilẹ̀ bu omi. Ó sáré gba ojú títì, ó ń pariwo, "Màmá! Ó ń jó! Ó ń jó lóòótọ́!" Ọkọ̀ náà ti yà ní kọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ajá Ọdẹ á fi ẹ̀rín pa wá! Kí ni imú rẹ̀ tún ti gbọ́?"